Aago Tó Dúró Kò Bàjẹ́

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló pè mí ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó ní òun ń bọ̀ nílé fún ọdún, òun sì ti rí ẹ̀bùn tí òun fẹ́ mú bọ̀ fún mi. "Bọ̀dá mi, wáíńdà ni. Ẹ ó kàn gbé aago yín sínú rẹ̀, á máa yí i fúnra rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Aago yín kò ní dúró mọ́."

Ó mọ̀ pé aago ọwọ́ ọtómátíìkì méjì ni mo ní: Seiko 5 tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, àti Orient kan tí mo fi owó ara mi rà. Ó sì mọ̀ pé ti bàbá mi ni mo ń lò láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, pé Orient ni ti ṣọ́ọ̀ṣì àti òde. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń bá a ní ìdúró, tí n ó máa wo fóònù kí n lè mọ aago tó lù, tí àwọn ará ilé yóò sì ti máa pè mí láti ìta pé àkókò ń lọ.

Inú mi dùn sí ẹ̀bùn náà. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ìyá mi. Obì ni ìyá mi tà títí tí ó fi dàgbà. Ọmọ Ibido ni wá, ọ̀kan nínú ìlú mẹ́tàlá tó para pọ̀ di Ṣàgámù, ẹni tó bá sì mọ Ṣàgámù yóò mọ obì gbànja. Láti ilẹ̀ Rẹ́mọ yìí ni wọ́n ti ń kó obì lọ sí òkè Ọya láti ayé àwọn bàbá wa. Àwọn Hausa tó wá ń rà á ló tẹ̀dó sí Sábó wa. Yàrá ẹ̀yìn ni apẹ̀rẹ̀ obì máa ń wà nílé wa, wọ́n á ti fi ewé tẹ́ inú rẹ̀. Ìyá mi kì í jẹ́ kí wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀. Á tú apẹ̀rẹ̀ kan, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, á máa gbé obì kọ̀ọ̀kan sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Èyí tí kòkòrò bá ti lu, á yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ti ìsàlẹ̀ á bọ́ sókè, ti òkè á lọ sísàlẹ̀, á tún fi ewé bò ó. Obì tí wọn kò bá yẹ̀ wò, tí wọn kò bá yí, òfò ni. Èrò tí mo gbé wọ inú ọ̀rọ̀ aago nìyẹn: ohun tó bá jókòó sójú kan pẹ́, ó ti ń bàjẹ́ lọ. Mo rò pé Orient mi ń jẹrà nínú dúrọ́ọ̀ láti ọjọ́ Ìsinmi kan dé èkejì, pé wáíńdà ni yóò gbà á là.

Ṣùgbọ́n kí n tó sọ fún ọmọ náà pé kó rà á, mo kó aago méjèèjì lọ sọ́dọ̀ bàbá tó máa ń tún aago ṣe fún wa. Mo dúpẹ́ pé mo lọ.

Bàbá náà há awò kékeré dúdú rẹ̀ mọ́ ojú ọ̀tún, ó ṣí ẹ̀yìn aago bàbá mi, ó ní kí n sún mọ́ òun. Irin pẹlẹbẹ kan ló wà lókè gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ó dà bí ìlàjì òṣùpá, ó sì tò dé etí aago. Nígbà tí bàbá dẹ aago náà sápá kan, irin yẹn fì, ó yí, ó sì lọ dúró síbi tó rẹlẹ̀. Ó dẹ ẹ́ sápá kejì, irin náà tún fì padà. Ó ní, "Wò ó. Bí o ṣe ń ju apá nígbà tí o bá ń rìn, bí o ṣe ń bọ èèyàn lọ́wọ́, bí o ṣe ń bu ẹ̀bà, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan yìí ń yí. Òun ló ń wáìǹdì aago fún ọ."

Gbogbo àṣírí aago ọtómátíìkì nìyẹn. Bátìrì kò sí nínú rẹ̀. Sípíríǹgì gígùn kan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ká sínú agolo kékeré. Bí irin onílàjì òṣùpá yẹn ṣe ń yí ni sípíríǹgì ń ká, bí sípíríǹgì sì ṣe ń tú padà díẹ̀díẹ̀ ni ó ń ti àwọn jíà tó ń gbé ọwọ́ aago lọ. Aago àwọn bàbá wa àtijọ́ kò ní irin yìí. Ìka ni wọ́n fi ń wáìǹdì rẹ̀ láràárọ̀. Abraham-Louis Perrelet, ará Switzerland, ti ṣe aago àpò tó ń wáìǹdì ara rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1777. Ó tó ọdún 1924 kí John Harwood, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ fún aago ọwọ́, Rolex sì gbé tirẹ̀ jáde ní 1931. Seiko 5 ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1963, òun ló sì sọ aago ọtómátíìkì di ohun tí tíṣà àti akọ̀wé lè fi owó oṣù rà.

Mo bi bàbá náà pé bí aago bá wá jókòó fún oṣù kan tí kò ṣiṣẹ́ ńkọ́, ṣé kò ní bàjẹ́? Ó yọ awò kúrò lójú. Ó ní, "Bí o bá pa jẹnẹrétọ̀ lálẹ́, ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?"

Mo mọ̀ pé ìbéèrè mi kì í ṣe ti òmùgọ̀, nítorí ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Nígbà kan rí, òróró tí wọ́n ń fi sínú aago máa ń dì bí ó bá jókòó pẹ́, wọ́n sì máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn pé kó jẹ́ kí aago máa rìn. Òróró òde òní kì í ṣe irú ìyẹn mọ́. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń pò ó, ó sì ń dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ orí ló ń gbẹ ẹ́, aago ì báà máa rìn, ì báà dúró. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìrìn ń ṣe tí ìdúró kì í ṣe: ìrìn ń jẹ irin. Aago bíi ti bàbá mi ń lù nígbà 6 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyẹn 21,600 ní wákàtí kan, 518,400 láàárín ọ̀sán kan àti òru kan. Bí ó bá fi ọdún kan gbáko ṣiṣẹ́ láìsinmi, ó lé ní mílíọ̀nù 189. Aago tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ń sinmi kúrò nínú gbogbo ìyẹn. Èyí tó wà lórí wáíńdà kò sinmi rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Níbẹ̀ ni èrò obì ti kúrò lọ́kàn mi. Nǹkan ẹlẹ́mìí ni obì, omi wà lára rẹ̀, kòkòrò sì ń wá a kiri. Irin ni aago. Ọ̀tá tirẹ̀ ni omi, eruku, ọ̀rinrin àti iṣẹ́ àṣejù.

Ohun mìíràn tó ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù ni pé wáíńdà lè yí aago jù, kí sípíríǹgì já. Ìyẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Etí sípíríǹgì aago ọtómátíìkì kì í kan mọ́ ara agolo rẹ̀ pinpin; bí ó bá ti kún, ṣe ni ó ń yọ̀ lára agolo náà, tí agbára tó pọ̀ jù sì ń lọ. Bí wọn kò bá ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ẹni tó ń gún iyán láàárọ̀ ni ìbá ti já sípíríǹgì aago rẹ̀. Wáíńdà kò ní pa aago yín lọ́jọ́ kan. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ṣé ó ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún yín.

Kí n tó lọ sọ́dọ̀ bàbá náà ni mo ti dán aago bàbá mi wò nílé, ìyẹn sì fún mi ní ìdáhùn. Mo wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo bọ́ ọ sórí tábìlì ní aago mẹ́jọ alẹ́, n kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Ní àárọ̀ Sátidé, ó ń rìn. Ní alẹ́ Sátidé, ó ń rìn. Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní ọjọ́ Ìsinmi, mo bá a ní ìdúró ní aago méjìlá kọjá díẹ̀. Wákàtí 40 nìyẹn, ó sì bá ohun tí Seiko sọ nípa irú ẹ̀rọ yìí mu, nítorí wákàtí 41 ni wọ́n kọ fún 7S26 tó wà nínú ọ̀pọ̀ Seiko 5. Ọ̀pọ̀ aago ọtómátíìkì kò kúrò láàárín wákàtí 38 sí 48. Àwọn tuntun kan gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: Tissot ní èyí tó ń lo wákàtí 80, ẹni tó bọ́ irú rẹ̀ ní alẹ́ Ẹtì yóò bá a tí ó ṣì ń rìn ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ẹ fi ìyẹn ro ti ara yín. Ẹni tó ní aago kan ṣoṣo, tó ń bọ́ ọ lálẹ́, tó sì ń wọ̀ ọ́ láàárọ̀, aago rẹ̀ kò ní dúró láé. Wákàtí mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá péré ni aago náà fi ń sinmi. Wáíńdà kò wúlò fún un rárá, ẹni tó bá sì tà á fún un kò ṣe é lóore. Ẹni tó ní méjì tàbí mẹ́ta tó ń pààrọ̀ wọn, bíi tèmi, ni ọ̀rọ̀ kàn. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé: báwo ni ó ṣe ṣòro tó láti jí èyí tó dúró?

Èmi ti gbà pé ó ṣòro. Àṣé n kò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Bàbá kọ́ mi lọ́jọ́ náà. Orient tèmi ṣe é wáìǹdì láti nọ́ọ̀bù: bíi ìgbà ogún sí ọgbọ̀n, ó tó. Ti bàbá mi kò ṣe é fi nọ́ọ̀bù wáìǹdì rárá, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ Seiko 5. Ẹ gbé e dúbúlẹ̀ lọ́wọ́, ẹ máa fì í jẹ́jẹ́ láti ọ̀tún sí òsì bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá yóò ti máa lọ. Ẹ má mì í bí ẹni ń mi agolo mílíìkì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó kan ọjọ́ àti déètì, ẹ kọ́kọ́ yí ọwọ́ aago kúrò láàárín mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́ta òru. Láàárín wákàtí wọ̀nyẹn ni eyín jíà ti ń gbá déètì mú láti yí i fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi ipá yí i lákòókò náà, eyín yẹn lè ṣẹ́. Mo ti jẹ̀bi èyí rí. Bí aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kan ni mo yí déètì Orient náà, láti ìgbà yẹn sì ni déètì rẹ̀ ti ń há sáàárín méjì. Ìgbà tí bàbá ṣí i lọ́jọ́ yìí ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe: ó fi ṣóńṣó irin nà án sí mi, eyín kan ti ṣẹ́, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Nítorí náà, ẹ gbé ọwọ́ aago sí mẹ́fà àbọ̀, ẹ yí déètì sí ti àná, ẹ wá fa nọ́ọ̀bù jáde dé ìpele kejì, kí ẹ yí ọwọ́ síwájú títí déètì yóò fi bọ́ sí tòní. Òru ni ẹ wà yẹn. Ẹ máa yí i lọ títí dé aago tó lù gan-an. Ìṣẹ́jú kan, tàbí méjì fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, gbogbo rẹ̀ ti parí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì rò ni pé wáíńdà kò gbà wá lọ́wọ́ iṣẹ́ yìí tán. Aago tó ń rìn kì í ṣe aago tó pé. Seiko fúnra wọn gbà pé aago tó ní 7S26 nínú lè fi ìṣẹ́jú-àáyá 20 falẹ̀ lójúmọ́, tàbí kó fi 40 sáré. Bí ó bá ń fi 20 falẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ti jẹ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ ó ṣì tún un ṣe. Déètì rẹ̀ kò sì mọ̀ pé oṣù mìíràn kì í ní ọjọ́ 31: ìparí Èrèlé, Igbe, Òkúdù, Ọ̀wẹwẹ̀ àti Bélú, ẹ ó yí i. Ìgbà márùn-ún lọ́dún nìyẹn, ì báà wà lórí wáíńdà.

Àwọn kan wà tí mo gbà pé wáíńdà tọ́ sí. Àkọ́kọ́ ni ẹni tí aago rẹ̀ ní kàlẹ́ńdà tó mọ iye ọjọ́ oṣù kọ̀ọ̀kan àti ọdún tí Èrèlé ní ọjọ́ 29, tí a kò ní tún ṣe títí di ọdún 2100 bí kò bá dúró. Bí irú aago bẹ́ẹ̀ bá dúró fún oṣù mẹ́ta, ọjọ́, déètì, oṣù, ọdún àti òṣùpá ni ẹ ó tò padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó máa fi ṣóńṣó tẹ ihò wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹ bá sì yí òmíràn kọjá, ó di dandan kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é. Owó ilé ni irú aago yẹn. Ẹni tó ra ilé kò ní ṣàhun kọ́kọ́rọ́. Èkejì ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí tí ojú rẹ̀ kò gbé e mọ́ láti tún aago ṣe. Ẹ̀kẹta ni àwọn tó ń tún aago ṣe gan-an, nítorí ẹ̀rọ tó ń yí aago ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù: bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ lórí aago tán, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀rọ fún ọjọ́ díẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń wáìǹdì ara rẹ̀ bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ní aago márùn-ún, ó ń pààrọ̀ wọn bó ṣe ń pààrọ̀ táì. Bó bá fẹ́ ra tirẹ̀, n kò ní dí i lọ́wọ́.

Ẹni tó bá máa rà á kó mọ ohun tó ń rà. Kì í ṣe gbogbo aago ló ń wáìǹdì sí apá méjèèjì. Ti Seiko ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti ní ọgbọ́n yẹn láti 1959. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ 7750 tó wà nínú ọ̀pọ̀ aago Switzerland tó ń ka ìṣẹ́jú eré ìje, apá kan ṣoṣo ló ti ń wáìǹdì. Bí wáíńdà bá ń yí i sí apá kejì, òfò agbára ni. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè yan apá tó ń yí sí, àti iye ìgbà tó ń yí lójúmọ́. 650 sí 800 tó fún ọ̀pọ̀ aago. Èyí tó dára kì í yí láìdúró, ó máa ń yí díẹ̀, á sinmi fún wákàtí mélòó kan. Àwọn olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń yí bó ṣe wù wọ́n. Inú wáíńdà ni mọ́tò wà, inú mọ́tò sì ni mágínẹ́ẹ̀tì wà. Bí wọn kò bá fi irin bo mọ́tò náà dáadáa, ó lè mú sípíríǹgì tín-ín-rín bí irun tó ń darí aago lẹ̀ mọ́ra, aago tó ti ń ṣe déédéé yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣẹ́jú mélòó kan sáré lójúmọ́. Kọ́ńpáàsì ọmọ iléèwé ni kí ẹ gbé sún mọ́ ibi tí aago yóò jókòó sí. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá fò, ẹ má gbé aago síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná náà tún wà. Wáíńdà kì í jẹ iná púpọ̀, ẹ̀rọ kékeré ni. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, aago tó wà lórí rẹ̀ á dúró bí iná bá lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, nígbà tí iná bá sì dé pẹ̀lú agbára òjijì, ṣájà rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jó. Èyí tó ń lo bátìrì ló bá ilé wa mu.

Mo bi bàbá náà pé kí ni kí n ná owó lé bí kò bá ṣe wáíńdà. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ìka tẹ róbà tín-ín-rín tó yí ẹ̀yìn aago bàbá mi ká. Ó ti gbẹ, ó ti sán bí awọ ẹ̀pà. Ibẹ̀ ni òógùn mi àti òjò ti ń wọlé. Ó fi ìpẹtà kékeré kan hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, pupa bí epo. Ó ní aago náà kò rí sáfíìsì láti bí ọdún mẹ́wàá, pé ó yẹ kó rí i ní ọdún márùn-ún márùn-ún, pé òógùn ilẹ̀ wa kì í ṣe òógùn Switzerland. Ojú tì mí. Aago tí bàbá mi fi ń lọ síṣẹ́ lójoojúmọ́, tí kì í jẹ́ kí omi kàn, èmi ti ń fọwọ́ bọ omi pẹ̀lú rẹ̀, mo sì ń ronú àtira àpótí tí yóò máa yí i kiri pẹ̀lú ìpẹtà nínú.

Mo fi aago náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá fún ọ̀sẹ̀ méjì, àti Orient náà pẹ̀lú. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má ra wáíńdà. Róbà ẹ̀yìn aago méjì àti jíà déètì kan ni kó bá mi wá, mo sì ka nọ́ńbà ẹ̀yìn aago kọ̀ọ̀kan, tí mo ti kọ kí n tó fi wọ́n sílẹ̀, fún un kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní aago òbí yín nílé, tó wà nínú dúrọ́ọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ mú un jáde. Ẹ fì í díẹ̀. Bí ó bá rìn, ẹ má tíì wọ̀ ọ́: ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ kó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.